Ta Ni Yóò Yan Mẹkáníìkì?

Bí awakọ̀ kan ní Ìkọ̀lé bá gba ọkọ̀ tí yóò máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀, tí ó wá tó àkókò láti pààrọ̀ ọ́ìlì, ta ni yóò sọ ibi tí yóò gbé e lọ? Olówó ọkọ̀ a máa wí pé dandan ni kí ó lọ bá mẹkáníìkì tòun ní Adó, bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tilẹ̀ wà ní Ọyẹ́ tàbí Ìdó. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe asán: títí owó yóò fi pé, òun ni ó ṣì ni ọkọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1965 lórí irú àdéhùn yìí kò gbè é. Òfin náà ní òfo ni gbólóhùn èyíkéyìí nínú ìwé àdéhùn tí ó bá fi ipá yan atúnkọ̀ṣe fún ẹni tí ó gba ọkọ̀. Awakọ̀ tí kò mọ èyí ni a ń fi gbígba ọkọ̀ halẹ̀ mọ́. Kí ó yan ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, kí ó sì gba rìsíìtì ohun gbogbo tí wọ́n bá pààrọ̀. Rìsíìtì ni yóò jẹ́rìí fún un lọ́jọ́ tí olówó bá ní ó ba ọkọ̀ òun jẹ́.