Ta Ní Ń Ba Ẹ̀dọ̀ Jẹ́?



Bí ẹyinjú aláìsàn bá pọ́n, tí ìtọ̀ rẹ̀ ṣú, a ó ní fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B ti ń jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáírọ́ọ̀sì yìí lè gbé inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láì pa á. Àwọn ọmọ ogun ara wa gan-an ló ń pa sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún, ìyẹn ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní CD8. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ a máa gé púrótéènì fáírọ́ọ̀sì wẹ́wẹ́, a sì pàtẹ èérún rẹ̀ síta ara. CD8 tó bá dá èérún náà mọ̀ a pa sẹ́ẹ̀lì náà, tàbí kí ó tú interferon gamma sí i, èròjà tí ń dá ìbísí fáírọ́ọ̀sì dúró láì pa sẹ́ẹ̀lì.

Bí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le bá kó àrùn yìí, ìjà a gbóná. Nínú 100 wọn, àwọn tí kò níí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í pé 5. Ṣùgbọ́n nínú 100 ìkókó tó kó o lára ìyá wọn, nǹkan bí 90 ni yóò máa gbé e kiri. Fáírọ́ọ̀sì kan náà ni o, ìjà ara ló yàtọ̀!

Púrótéènì ìta rẹ̀, HBsAg, ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Baruch Blumberg rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ Australia kan. Ó kéde rẹ̀ ní 1965, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Lábẹ́ ẹ̀rọ awohun-kékeré alágbára, fáírọ́ọ̀sì gidi fẹ̀ tó nánómítà 42. Yíká rẹ̀ ni àwọn èérún onínánómítà 22 wà, òmíràn roboto, òmíràn gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Òfìfo ni wọ́n, púrótéènì ìta lásán, wọ́n sì fi ìlọ́po 1,000 ó kéré tán pọ̀ ju fáírọ́ọ̀sì gidi lọ. CD8 tó bá ń bá èérún púrótéènì fáírọ́ọ̀sì pàdé lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́, ọdún lọ ọdún bọ̀, á rẹ̀ ẹ́: púrótéènì PD-1 tó jẹ́ ìjánu rẹ̀ á pọ̀ lára rẹ̀, kò ní bí sí i mọ́, interferon rẹ̀ á gbẹ. Síbẹ̀ kò ní jáwọ́ pátápátá. Ìjà àjàìparí yìí ló ń fi àpá kún inú ẹ̀dọ̀, tí jẹjẹrẹ fi ń ráyè.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé púrótéènì ìta yìí kan náà ló wà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti 1986 ni wọ́n ti ń fi ìwúkàrà ṣe é. Díẹ̀ ni wọ́n ń fún ni, pẹ̀lú èròjà àlúmù tó ń ta àwọn ọmọ ogun jí, ara á sì kọ́ bí a ṣe ń ṣe àńtíbọ́dì. Ẹ wo ìwé àyẹ̀wò yín: àgbàlagbà tó ní àńtíbọ́dì sí púrótéènì ìta nìkan, abẹ́rẹ́ ló sábà máa ń fà á; ṣùgbọ́n bí àńtíbọ́dì sí púrótéènì inú fáírọ́ọ̀sì bá hàn, fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ti kàn án rí.

Nítorí pé ìkókó ni fáírọ́ọ̀sì yìí kì í sábà fi sílẹ̀, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wọ ara rẹ̀ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ bímọ sílé, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ ìkómọ. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ yẹn sàn ju àìgbà lọ, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì tó wọlé nígbà ìrọbí ti fi ọjọ́ méje ṣáájú rẹ̀.