Ojú Àgbà àti Gígùn Ẹ̀mí Rẹ̀

Nígbà tí ojú àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣú, ohun tí a sábà máa ń wí ni pé, “Ọjọ́ ogbó ni.” Ewu ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ kan kó àbọ̀ ìwádìí 17 jọ, èyí tí a ṣe lára ènìyàn bí 48,000. Wọ́n rí i pé níbi tí 100 bá ti kú nínú àwọn tí ojú wọn mọ́, bí 129 ni yóò kú nínú iye kan náà àwọn tí ojú wọn ṣú; bí ojú bá sì bàjẹ́ gidigidi, ó di bí 189.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ojú ha lè pa ènìyàn bí? Ojú fúnra rẹ̀ kọ́. Ẹni tí kò rí ilẹ̀ a máa ṣubú, egungun ìbàdí àgbà tí ó bá sì ṣẹ́ kì í tètè san. Ẹlòmíràn kì í dìde mọ́ lórí ibùsùn. Ẹni tí kò lè ka ara ìgò oògùn lè lo ti alẹ́ ní òwúrọ̀. Ẹni tí kò dá ojú ọ̀rẹ́ mọ̀ mọ́ a fà sẹ́yìn sínú yàrá, a jókòó títí agbára yóò fi tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àrùn kan náà ni ó ń ba ojú àti ara jẹ́ pọ̀: àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ń ba iṣan tín-ín-rín ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́, bí wọ́n ti ń ba ti kíndìnrín jẹ́.

Ìwádìí tí a ṣe ní Nàìjíríà láti 2005 dé 2007 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ó ti pé 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí 4 ni ó fọ́jú. Ohun tí ó fọ́ ojú wọn jù lọ ni dígí inú ẹyinjú tí ó di funfun bí omi ògì, èyí tí iṣẹ́ abẹ lè mú kúrò. Síbẹ̀, bí 4 nínú 10 ojú tí a tọ́jú nítorí rẹ̀ ni ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń fi abẹ́rẹ́ ti dígí náà sẹ́yìn. N kò lè dá wọn lẹ́bi púpọ̀, nítorí ilé ìwòsàn jìnnà, owó sì ṣọ̀wọ́n; ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ojú bẹ́ẹ̀ ni ó fọ́ pátápátá.

Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí ó jáde ní 2017 lára obìnrin 74,044, àwọn tí ó ti pé 65 ọdún tí dígí ojú wọn sì ṣú, rí i pé ikú kéré láàárín àwọn tí ó ṣe abẹ. Ó lè jẹ́ pé àwọn ni ara wọn le jù tẹ́lẹ̀, nítorí náà n kò ní ṣe ìlérí ẹ̀mí gígùn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹni tí a bá ṣe abẹ náà fún dáradára sábà máa ń tún ríran, a sì lè dá nìkan rìn dé odò.