Ẹ́ńsáìmù Tó Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Yìnyín

Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹ fi ìyápíìsì yín sétí dáadáa, torí ọ̀rọ̀ òní jìnnà síbi tí a wà. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bu iṣu sísè díẹ̀ sẹ́nu, kẹ́ ẹ má fi epo sí i, kẹ́ ẹ má sì gbé e mì. Ẹ máa rún un lọ. (Mi ò sọ pé búrẹ́dì, torí búrẹ́dì tiwa ti ní ṣúgà nínú tẹ́lẹ̀.) Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ máa rí i pé iṣu náà ń dùn lẹ́nu yín. Ohun kan wà nínú itọ́ tó ń gé sítáàsì inú iṣu sí wẹ́wẹ́, tó ń sọ ọ́ di ṣúgà. Amylase lorúkọ rẹ̀. Purotéènì ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú kí ìyípadà kan tètè ṣẹlẹ̀.

Ara wa gbóná tó dígírì 37, ibẹ̀ ló sì ti rọ amylase tiwa lọ́rùn. Ẹ gbé irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ sínú omi tó tutù dé òdo, iṣẹ́ rẹ̀ lè fi ìlọ́po 20 falẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń falẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó jẹ́ kí ọbẹ̀ pẹ́ nínú fíríìjì nìyẹn. Àwọn kòkòrò tó fẹ́ bà á jẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ wọn ni kò yá.

Ó dáa. Omi òkun tó yí Antarctica ká, ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, ní iyọ̀ nínú, nítorí náà ó máa ń tutù dé nǹkan bíi dígírì 2 sí ìsàlẹ̀ òdo kó tó dì. Fíríìjì yín gbóná jù ú lọ. Síbẹ̀, omi yẹn kún fún ẹ̀dá tí gbogbo ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ. Wọn ò ní irun, wọn ò ní ọ̀rá lábẹ́ awọ, wọn ò ní ẹ̀jẹ̀ gbígbóná. Bí omi bá ṣe tutù tó, bẹ́ẹ̀ náà ni inú wọn tutù tó. Wọ́n sì ń jẹun, wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń pín sí méjì. Báwo ni ọwọ́ tiwọn ṣe ń yá?

Ọ̀kan lára wọn ni bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Pseudoalteromonas haloplanktis. Ẹ má dààmú ara yín, èmi náà pè é tì lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó tan máìkì. Nítòsí Dumont d'Urville, ibùdó ìwádìí àwọn Faransé ní Antarctica, ni wọ́n ti bù ú nínú omi òkun. Georges Feller àti Charles Gerday, ní Yunifásítì Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù, ló wá yẹ amylase rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ní amylase! Nígbà tí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀, àwọn méjèèjì jọra bí ọmọ ìyá. Ibi tí wọ́n fi ń gé sítáàsì gan-an, bákan náà ló rí. Kí ló wá dé tí ọ̀kan ń sáré nínú òtútù tí èkejì ń wọ́ tuurutu?

Gèlè ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Purotéènì jẹ́ okùn gígùn tó ká lé ara rẹ̀, bí a ṣe ń ká gèlè. Kó má bàa tú, oríṣiríṣi ibi ló fi di ara rẹ̀ mú. Òmíràn kàn fara kan ara lásán, òmíràn le bíi píìnì. Amylase ẹlẹ́dẹ̀ ní irú píìnì bẹ́ẹ̀ 5, imí-ọjọ́ ló sì fi so wọ́n. Ti Antarctica ní 4. Àwọn ìsopọ̀ kéékèèké náà kò pọ̀ tó ti ẹlẹ́dẹ̀. Proline pẹ̀lú, èyí tó máa ń mú kí okùn náà le gan-gan níbi tó bá wà, kò pọ̀ tó ti ẹlẹ́dẹ̀.

Kí ni rírọ̀ yẹn wà fún? Ẹ́ńsáìmù kì í jókòó gbagidi. Ó gbọ́dọ̀ ṣí díẹ̀ kí sítáàsì lè wọlé, kó pa dé, kó gé e, kó tún ṣí. Ooru ló ń fún un lágbára láti máa mì bẹ́ẹ̀. Nínú ara ẹlẹ́dẹ̀, ooru wà dáadáa, nítorí náà gèlè tó le kò ní ìṣòro. Bí kò bá tilẹ̀ le, ooru yẹn á tú u. Nínú òkun Antarctica, ooru kò tó. Purotéènì tó bá le níbẹ̀ á gan ni, bí ìka ọwọ́ ẹni tí ọyẹ́ mú láàárọ̀. Bakitéríà yẹn kò rí ooru kún ooru, ó kúkú yọ píìnì.

Ohun tí àwọn ará Liège wá ṣe ló dùn mọ́ mi jù. Nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé jáde ní 2003, wọ́n mú amylase Antarctica yìí, wọ́n dá lára àwọn ìsopọ̀ tí ti ẹlẹ́dẹ̀ ní padà sí i, títí kan píìnì karùn-ún. Ó le sí i lóòótọ́, ó fara da ooru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dín kù. Wọ́n tún un ṣe, iṣẹ́ bà jẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí rírọ̀ yẹn ń náni. Bí ẹ bá ń gbé amylase ẹlẹ́dẹ̀ kaná díẹ̀díẹ̀, ó máa tó nǹkan bíi dígírì 66 kó tó tú. Ti Antarctica ń tú ní nǹkan bíi 44. Ibi tó fi ń gé sítáàsì tilẹ̀ máa ń dàrú kí ìyókù tó tú. Gèlè ṣì wà lórí o, iṣẹ́ ti tán.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ ń wá ẹ́ńsáìmù tó ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù lójú méjèèjì, torí ní ìlú òyìnbó, omi gbígbóná ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń fọṣọ, iná ló sì ń jẹ. Àwa tí a ti ń fi omi tútù fọṣọ láti ilẹ̀, ẹ̀rín ni kí a fi rín.

Rírọ̀ nìkan kọ́ ni ọgbọ́n wọn. Fragilariopsis cylindrus, tó ń gbé nínú ihò omi iyọ̀ tóóró inú yìnyín orí òkun, ní purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ yìnyín wẹ́wẹ́ kó má bàa tóbi sí i. Euplotes focardii, tí wọ́n rí ní Terra Nova Bay, ní okùn tín-tìn-tín nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, tí a fi tubulin ṣe. Àwa náà ní irú okùn yẹn, àmọ́ bí a bá gbé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dá bíi tiwa sínú òtútù dígírì 4, okùn náà á tú. Ti Euplotes yìí kì í tú.

Ṣùgbọ́n Euplotes yìí kan náà ló ń já mi láyà. Bí ooru bá dé bá sẹ́ẹ̀lì lójijì, ó sábà máa ń yára ṣe Hsp70, purotéènì kan tó ń bá àwọn tó fẹ́ tú ká ara wọn padà. Euplotes focardii ní àbùdá tó ń ṣe Hsp70, àmọ́ bí ooru bá dé, kì í jí i. Nínú adágún Bonney ní Antarctica, ẹ̀dá aláwọ̀ ewé kan wà, Chlamydomonas priscuii. Ní dígírì 20, ìwọ̀n tí ẹlòmíràn máa ń yí AC sí, kò lè dàgbà mọ́.

Ní February 2023, yìnyín orí òkun Antarctica sún kì dé 1.79 mílíọ̀nù kìlómítà níbùú lóròó. Láti 1979 tí sátẹ́láìtì ti ń wọ̀n ọ́n láìdáwọ́ dúró, kò tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Abẹ́ yìnyín yẹn ni àwọn ọmọ krill, ẹ̀dá tó jọ edé, ti ń ha àwọn ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan jẹ nígbà òtútù. Pẹ́ńgúìnì àti àbùùbùtán ń jẹ krill.

Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ gbohùn yín sílẹ̀ fún wa lórí WhatsApp. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń gbọ́, àfi èyí tó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.