Adágún Omi Tí Ó Ya Lu Ìlú Johnstown

Ọ̀rọ̀ omi ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe omi òjò lásán o, omi tí ènìyàn sé mọ́ ojú kan ni.

Ẹni tí ó bá ti dé Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn yóò mọ ohun tí à ń pè ní dáàmù. Wọ́n a mọ odi dí odò lọ́nà; omi a dúró, a kún, a sì di adágún ńlá. Ti Ẹlẹ́yẹlé, omi mímu ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ dáàmù wà tí ó jẹ́ pé nítorí fàájì ni wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn: nítorí àtipa ẹja, àtiwa ọkọ̀ ojú omi, àti àtilúwẹ̀ẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí adágún bá ti wà, ilẹ̀ etí rẹ̀ a di olówó iyebíye, àwọn ọlọ́rọ̀ a sì kọ́ ilé síbẹ̀.

Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania tí ń jẹ́ Johnstown. Ìlú òṣìṣẹ́ ni, ilé iṣẹ́ irin ni ó gbé e ró. Àárín òkè ni ó wà, ní ibi tí odò méjì ti pàdé. Ní apá òkè odò, ní nǹkan bí máìlì 14 sí ìlú náà, dáàmù kan wà tí wọ́n ń pè ní South Fork. Yẹ̀pẹ̀ àti òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 72, gígùn rẹ̀ sì ju ẹsẹ̀ bàtà 900 lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1838, láti fi omi rẹ̀ bọ́ ọ̀nà omi tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà. Wọn kò parí rẹ̀ títí di 1853. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, rélùwéè ti dé. Ta ni yóò tún fi ọkọ̀ omi kó ẹrù? Bẹ́ẹ̀ ni dáàmù ọ̀hún di ohun tí kò ní olùtọ́jú. Ní 1862, apá kan rẹ̀ wó. Kò sí ẹni tí ó tún un ṣe.

Ní 1875, ẹnì kan rà á. Kí ni ẹni yìí ṣe? Àwọn páìpù irin ńlá wà ní ìsàlẹ̀ dáàmù náà. Ó hú wọn, ó sì tà wọ́n bí ẹní ta àlòkù irin. Ẹ fi àmì sí ibí yìí o. Páìpù wọ̀nyẹn ni wọ́n lè ṣí láti dín omi kù bí adágún bá kún jù, tàbí bí odi bá fẹ́ àtúnṣe. Láti ìgbà náà lọ, kò sí bí ènìyàn ṣe lè dín omi náà kù mọ́.

Ní 1879 ó bọ́ sí ọwọ́ Benjamin Ruff. Ó kó àwọn olówó Pittsburgh jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ ẹja pípa àti ọdẹ ṣíṣe sílẹ̀. Andrew Carnegie wà nínú wọn. Wọ́n fi yẹ̀pẹ̀, òkúta àti koríko gbígbẹ dí ibi tí ó ti wó. Wọn kò dá páìpù padà. Wọ́n tún gé orí odi náà kúrú díẹ̀, kí ó lè fẹ̀ tó ibi tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin méjì yóò ti lè pàdé láìfi ara kan ara. Wọ́n wá ra ẹja sínú adágún. Kí ẹja má baà sá lọ, wọ́n fi asẹ́ irin dí ibi tí omi ń gbà jáde.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ikú gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ dáàmù ni ó ní ọ̀nà kan tí omi tí ó bá pọ̀ jù ń gbà lọ. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ojú ìtúmi. Odi oníyẹ̀pẹ̀ lè gbé omi sí ẹ̀yìn fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n kò lè fara da omi tí ń ṣàn gba orí rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí òjò ń ṣe sí ògiri alámọ̀ tí kò ní òrùlé. Nítorí náà, bí wọ́n bá gé orí odi kúrú, tí wọ́n sì tún dí ojú ìtúmi, ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà pe omi wá sí orí odi.

Wọn kò ṣàìgbọ́ ìkìlọ̀. Ní 1880, Daniel Morrell, ọ̀gá ilé iṣẹ́ irin Johnstown, rán ẹnjiníà rẹ̀ lọ wo dáàmù náà. Ẹnjiníà ní kò sí páìpù, àtúnṣe wọn kò sì dára. Morrell kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ náà, ó ní òun yóò bá wọn dá sí owó àtúnṣe. Ruff dá a lóhùn pé kò sí ewu fún un àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Kí 1889 tó dé, àwọn méjèèjì ti kú.

Àwọn ará ìlú ńkọ́? Bí òjò ńlá bá ti rọ̀, ẹnì kan a ní, "Dáàmù yóò ya lónìí o!" Kò ní ya. Nígbà tí ó pẹ́, ó di ọ̀rọ̀ àwàdà.

Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 1889, òjò bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, adágún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí odi. Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n ń bu yẹ̀pẹ̀ lé odi, wọ́n ń gbẹ́ ọ̀nà omi mìíràn. Wọ́n fẹ́ yọ asẹ́ irin kúrò, ṣùgbọ́n igi àti pàǹtí ti há mọ́ ọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan, John Parke, gun ẹṣin lọ sí abúlé South Fork, ó ní kí wọ́n tẹ wáyà sí ìsàlẹ̀. Wáyà dé Johnstown. Ṣùgbọ́n omi odò ti wọ ìgboro láti àárọ̀ ọjọ́ náà, oníkálukú ń kó ẹrù rẹ̀ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ta ni yóò fetí sí ọ̀rọ̀ dáàmù tí wọ́n ti ń sọ láti ọdún mẹ́wàá?

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, odi ya. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni omi náà dé Johnstown, òun pẹ̀lú ilé, igi, ọkọ̀ rélùwéè àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí ó ti kó lọ́nà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó fi pa ìlú rẹ́. Àwókù ilé há mọ́ afárá olókùúta kan, ó sì gba iná. Àwọn tí omi kò pa ń jóná níbẹ̀. Ènìyàn 2,209 ni ó kú. Agboolé 99 ni ó parun, bàbá, ìyá, ọmọ, kò ku ẹnì kan. Ju 750 òkú lọ ni wọn kò mọ orúkọ wọn títí tí wọ́n fi sin wọ́n.

Wọ́n pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́. Ẹjọ́ kò mú wọn. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Carnegie san owó ilé ìkàwé tuntun fún ìlú náà. Ilé ọ̀hún ṣì wà, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ohun ìrántí omi náà sí lónìí. A kò ní í sọ pé ilé ìkàwé kò dára, ẹ̀yin náà mọ̀ pé a fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n asẹ́ irin ìbá ti kúrò, ì bá sàn jù.

Bóyá ẹnì kan ń wí pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Ó dára. Ní ìpínlẹ̀ Michigan, dáàmù Edenville sé adágún Wixom. Láàárín 1924 sí 1925 ni wọ́n kọ́ ọ, iná mànàmáná sì ni wọ́n fi ń ṣe. Àwọn ènìyàn kọ́ ilé yí i ká fún fàájì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba àpapọ̀ ń sọ fún onídáàmù pé ojú ìtúmi rẹ̀ kéré. Kò fẹ̀ ẹ́. Ní 2018 wọ́n gba ìwé àṣẹ iná lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n odi àti omi ṣì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún 2020, lẹ́yìn òjò ńlá, apá kan odi náà yọ́ lójijì kí omi tó dé orí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé iyanrìn tí kò ki ni wọ́n ti fi mọ ibẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Omi náà tún borí dáàmù Sanford ní ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé bàjẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún nǹkan bí ènìyàn 10,000 kí wọ́n jáde, wọ́n sì jáde. Kò sí ẹni tí ó kú.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìsàlẹ̀ odi omi, ẹ máa wo ẹnu ògiri náà. Ṣé igi ńlá ti hù lára rẹ̀? Ṣé òkété ti gbẹ́ ihò sí i? Ṣé orí rẹ̀ ti tẹ̀ sílẹ̀ láàárín? Ṣé pàǹtí ti dí ojú ìtúmi? Bí omi bá ń sun ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ bu ú sínú ife. Omi mímọ́ gaara lè máà jẹ́ nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ́n bí ẹrẹ̀, a jẹ́ pé ó ń kó inú odi lọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń mójú tó dáàmù náà àti sí káńsù, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sílé.