Iná Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí awakọ̀ bá ń fẹ̀yìn rìn lóru nínú ọgbà ilé-iṣẹ́, iná ni ojú rẹ̀. Ẹ̀mí alágbàrù tó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ wà lọ́wọ́ iná náà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi iná méjì kún un, ẹ kọ́kọ́ yọ orí bátìrì. Ẹ má so iná tuntun mọ́ wáyà rìfáàsì àtijọ́. Gílóòbù wáàtì 21 ni wọ́n ṣe é fún. Iná méjì, wáàtì 55 lọ́kọ̀ọ̀kan, a máa fa nǹkan bí áńpù 9 lára bátìrì fóòtì 12. Rílè ni kí ẹ lò. Wáyà rìfáàsì á wọ ẹsẹ̀ 86; 85 á kan irin ọkọ̀. Wáyà láti bátìrì á gba inú fíúùsì áńpù 15 wọ 30. 87 á lọ sí iná. Ẹ fi fíúùsì sí ìtòsí bátìrì.

Bí iná bá kọ̀, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì ta ẹ́ńjìnnì, ẹ ki gíà rìfáàsì. Bí rílè bá dún, ẹ wo fíúùsì, kí ẹ sì ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò níbi tí wáyà iná ti kan irin. Bí kò bá dún, tí iná àtijọ́ sì ń tàn, ẹ wo 86 àti 85. Bí iná àtijọ́ pàápàá kò bá tàn, ẹ yẹ fíúùsì rẹ̀ àti súwíìṣì ara gíábọ́ọ̀sì wò.

Bí ọ̀gá bá ní owó kò sí, ẹ sọ fún un pé owó rílè kan kò tó owó ẹsẹ̀ ènìyàn.