Ojú-Ìwé Tí Kò Ní Àdírẹ́sì

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ojú rẹ̀ nínú ọjà.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, kọ̀ǹpútà òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni ó ń pààrọ̀ ojú-ìwé. Bí ẹni tí ó kọ ètò náà kò bá fún ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka oríkì kẹta kò lè tọ́ka sí i fún ẹlòmíràn. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni yóò lè júwe.

HTML5, tí àjọ W3C fọwọ́ sí ní ọdún 2014, fi àyè sílẹ̀ láti yí àdírẹ́sì padà láìtún gbogbo ojú-ìwé kó wá. Ètò tí ó gún régé a máa tò wọ́n bí ìyá àti ọmọ: /ewi, /ewi/oriki, /ewi/oriki/3. Kọ̀ǹpútà tí ó ń fi ètò ránṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fi ètò kan náà dáhùn fún gbogbo wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òǹkàwé tí ó bá tún ojú-ìwé ṣí yóò gbọ́ pé kò sí.

Nítorí náà, kí a tó kó lítíréṣọ̀ wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè àdírẹ́sì rẹ̀. Iṣẹ́ tí a kò lè tọ́ka sí, ta ni yóò lè jiyàn lé e lórí?