Ẹni Tí Ó Dá Wà Tí Kò sì Nílé

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹni tí ń kọ́lé. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rí ibi sùn ni, pàápàá ẹni tí kò ní aya tàbí ọkọ, tí kò sì ní ọmọ lọ́dọ̀.

Ẹ lè sọ pé, “Ẹni tí ó dá wà, kí ni ìṣòro tirẹ̀? Kò kúkú ní ọmọ tí yóò bọ́.” Bí àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe rò ó nìyẹn. Ní 1966, BBC gbé eré kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, Cathy Come Home ni orúkọ rẹ̀. Tọkọtaya kan ni eré náà dá lé. Ilé bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, nígbà tí ó sì yá, a gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ ìyá wọn. Àánú ṣe gbogbo ìlú. Nígbà tí ó di 1977, òfin jáde pé káńsù, èyí tí í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ wọn, gbọ́dọ̀ wá ilé fún àwọn tí kò nílé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà ya àwọn kan sọ́tọ̀ tí a ó kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn: ẹni tí ó ní ọmọ kékeré, aláboyún, arúgbó, aláìsàn, àti ẹni tí iná tàbí omíyalé lé jáde. Ní ti àpọ́n tí ara rẹ̀ le, ìmọ̀ràn àti ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ ni wọ́n là sílẹ̀ fún un.

Èmi kò ní pe àwọn aṣòfin náà ní ìkà. Bí ilé kò bá kárí, ta ni kò ní fi ọmọ ọwọ́ ṣáájú? Ṣùgbọ́n níbi tí ilé kì í ti í kárí, ẹni tí a ní kí ó dúró lẹ́yìn, ẹ̀yìn náà ni yóò wà. Àwa náà ńkọ́? A máa ń fi àpọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, a kì í sì í béèrè ibi tí ó ń sùn. Ẹni tí ó bá gba abẹ́ afárá kọjá ní Èkó lóru yóò rí wọn.

Ẹgbẹ́ aláàánú kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí a ń pè ní Crisis. Ní 1967 ni a dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ tí ó ń ṣe nígbà Kérésìmesì, tí wọ́n ń fún àwọn tí kò nílé ní oúnjẹ gbígbóná, tí wọ́n ń gẹ irun wọn, tí dókítà sì ń wo ara àti eyín wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe ní 2014 ni ó wù mí jù. Wọ́n mú ènìyàn mẹ́jọ tí kò nílé rí, wọ́n ní kí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì káńsù 16 bí ẹni tí ń wá ilé. Ọ̀kan ṣe bí obìnrin tí ó sá fún ẹni tí ń lù ú, òmíràn bí ọ̀dọ́ tí a lé jáde nílé. Ìgbà 87 ni wọ́n lọ. Nínú ìgbà 50, ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Nínú ìgbà 29, wọ́n padà lọ́wọ́ òfo pátápátá. Ta ni yóò tún sọ pé àwọn àpọ́n kò wá ìrànlọ́wọ́ ni?

Irú ẹ̀rí báyìí wà lára ohun tí ó bí òfin 2017, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2018. Bí ó bá ku ọjọ́ 56 tí ilé yóò bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ìbáà dá wà, ìbáà ní ọmọ, káńsù gbọ́dọ̀ bá a wá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá ọ̀nà títí tí wọn kò rí ilé, òfin kò fi ipá mú wọn láti fún àpọ́n tí ara rẹ̀ le ní ọ̀kan. Nítorí èyí ni Crisis ṣe kéde ní 2025 pé òun fúnra òun yóò máa ra ilé, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí a ti dá a sílẹ̀.

Àwọn ará Finland ti ṣáájú wọn. Ní 1985 ni a dá ẹgbẹ́ Y-Säätiö sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́tà Y tí ó wà nínú orúkọ náà dúró fún yksinäinen, èyí tí í ṣe ẹni tí ó dá wà ní èdè wọn. Ẹgbẹ́ náà ń ra yàrá káàkiri nínú ilé tí àwọn ènìyàn mìíràn ń gbé, ó sì ń fi wọ́n háyà fún àwọn tí kò nílé. Láyé àtijọ́, wọn a ní kí ọ̀mùtí kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ọtí, kí ó sùn nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ títí ìwà rẹ̀ yóò fi dára, kí a tó fún un ní yàrá. Lójú èmi olùkọ́, ó dà bí ẹni pé a ní kí ọmọ mọ ìwé kà tán kí a tó gbà á sí ilé-ìwé. Láti 2008 ni ìjọba Finland ti yí i padà: kọ́kọ́rọ́ ilé ni a ń kọ́kọ́ fún un, pẹ̀lú ìwé àdéhùn lórúkọ rẹ̀, òun náà a sì máa san owó ilé. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò lórí ọ̀rọ̀ ọtí, àìsàn àti iṣẹ́. Ní 1987, àwọn tí kò nílé ní Finland ju 15,000 lọ. Ní 2023 wọn kò tó 3,500. Ó tún gòkè díẹ̀ ní 2024, nítorí náà iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ń sùn ní pálọ̀ ọ̀rẹ́, tí ó ń ká ẹní kí onílé tó jí, ẹni tí kò nílé ni òun náà lójú òfin, àmọ́ ojú ń ti púpọ̀ nínú wọn láti sọ ọ́. Ẹ sọ fún un kí ó má ṣe dúró di ọjọ́ tí a ó kó ẹrù rẹ̀ síta. Bí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò bá gbà á láyè láti gba ìrànlọ́wọ́ ìjọba, kí ó lọ bá ẹgbẹ́ aláàánú fún ìmọ̀ràn. Bí ó bá gbà á láyè, kí ó lọ sí ọ́fíìsì káńsù. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ètò tí wọ́n bá ṣe fún un sínú ìwé, kí wọ́n sì fún un. Kí ó béèrè ìwé náà.